Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìlànà àti àgbàwí fún àgbẹ̀: ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ebè kọ:

Mo kí gbogbo ilé. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, ètò ọrọ̀-ajé àgbẹ̀ ni mo ń kà. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 ló wà níwájú mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ni bí ìjọba ṣe ń ṣe ìlànà lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, àti bí èèyàn ṣe ń gba ẹnu àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ń ṣe é. Kókó tí mo fẹ́ mú ni "ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́". Ẹ jọ̀ọ́, irú iṣẹ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe tí yóò wúlò fún ẹni tó bá gbà á sọ́dọ̀? Kí ló sì sábà máa ń bà á jẹ́?

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀ fèsì:

Káàbọ̀, àbúrò. Kókó tí o mú yẹn ló máa kọ́kọ́ bà á jẹ́. Kò sí ọ́fíìsì tó ń jẹ́ "ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀", kò sí ìwé kan pàtó tí wọ́n ń tún kọ lórí rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n máa pa ìwé náà dé. O lè fi ọ̀sẹ̀ 12 kàwé lórí rẹ̀ láìrí ẹnì kan tí wàá bá sọ̀rọ̀.

Kí o tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin sórí bébà. Ìwé wo gan-an ló yẹ kó yí padà: ṣé òfin ni, ṣé ìlànà tí iléeṣẹ́ ìjọba fi ń mú òfin ṣẹ ni, àbí ìlà kan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì? Ọwọ́ ta ni kálàmù ìwé náà wà báyìí? Ọjọ́ wo ni kálàmù yẹn máa kúrò lórí ìwé? Bí ìwé náà bá yí, àgbẹ̀ wo ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀, ta ló sì máa pàdánù? Bí o kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kókó náà ṣì fẹ̀ jù.

Wo èyí ná: "Ajílẹ̀ tí ìjọba ń pín máa ń dé lẹ́yìn tí àgbàdo ti kọjá ìgbà tó nílò rẹ̀." Èyí ní ilẹ̀kùn tí o lè kàn. Ẹ̀ka tó ń ra ọjà fún iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wà, ìwé àdéhùn àwọn agbaṣẹ́ṣe wà, ọjọ́ sì wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Agbọ̀rọ̀sọ_Oko fèsì:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Akọ̀wé, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Oko ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wọ abúlé kò ṣeé lò rárá, ohun tó sì fà á kò pọ̀.

Àkọ́kọ́, ìbéèrè wọn ń tọ́ ìdáhùn sọ́nà. Bí o bá bi àgbẹ̀ pé "ṣé ìjọba ń ràn yín lọ́wọ́?", bó ṣe rí ojú rẹ ni yóò ṣe dá ọ lóhùn. Béèrè ohun tó ní ọjọ́ àti ìwọ̀n nínú: ọ̀sẹ̀ wo lẹ gbin? Ọ̀sẹ̀ wo ni ajílẹ̀ dé? Àpò mélòó lẹ gbà? Èló lẹ fi gbé e délé? Ìgbà wo lẹ fọ́n ọn? Ìbéèrè mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó. Kó má gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, torí iṣẹ́ ń dúró de ẹni tó ń dá ọ lóhùn.

Èkejì, wákàtí tí wọ́n ń lọ. Bí o bá dé nígbà tí àwọn obìnrin wà lọ́jà tàbí nídìí ààrò, ọkùnrin nìkan ló máa dá ọ lóhùn, wàá sì padà wá kọ "àwọn àgbẹ̀ sọ pé". Ka iye obìnrin tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ ní alaalẹ́. Bí wọn kò bá tó ìdajì, yí wákàtí padà ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kẹta ló máa ń dùn mí jù: iye èèyàn. Bí o bá bá 30 èèyàn sọ̀rọ̀, tí 24 sọ pé ajílẹ̀ pẹ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "24 nínú 30 àgbẹ̀ tí a bá sọ̀rọ̀ ní abúlé mẹ́ta". Má kọ "ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí". Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin máa béèrè bí o ṣe yan àwọn 30 náà, ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn á sì wó gbogbo ìwé rẹ.

Gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí o bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ. Sọ fún un ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, kí o sì bi í bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun hàn. Àgbẹ̀ tó ń gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan lè má fẹ́ kí òṣìṣẹ́ yẹn mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Kí o sì padà lọ sọ ohun tí o rí fún wọn. Àwọn tí kò padà lọ ló jẹ́ kí ojú àgbẹ̀ le sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀ fèsì:

Ẹ ṣeun, Agbọ̀rọ̀sọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ó fi ọjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ sọ fún un ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Ibí yìí ni ìmọ̀ oko àti ìmọ̀ ìwé ti pàdé.

Àgbàdo ń fẹ́ ajílẹ̀ nígbà gbíngbìn, ó sì tún ń fẹ́ èyí tó ní náítírójìn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Àpò tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ 10 kò lè ṣe àǹfààní tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á mọ́. Pe ọ̀sẹ̀ gbíngbìn ní òdo, kí o wá máa kà padà. Ká ní àpò gbọ́dọ̀ wà ní abúlé ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú. Gbígbé e láti ilé ìkẹ́rùsí ńlá dé abúlé gba ọ̀sẹ̀ 3. Láti èbúté tàbí iléeṣẹ́ tó ń pò ó dé ilé ìkẹ́rùsí gba 4. Pípò ó tàbí fífi ọkọ̀ ojú omi kó o wá gba 8. Ìpolówó fún àwọn agbaṣẹ́ṣe gba 6, yíyẹ ìwé wọn wò àti fífọwọ́ sí àdéhùn gba 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ó ní láti jẹ́ pé ìpolówó ti jáde ní bí oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó fi irúgbìn sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ ni àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo kà yìí. Inú òfin tó ń darí bí ìjọba ṣe ń ra ọjà àti inú ìwé àdéhùn ọdún tó kọjá ni kí tìrẹ ti wá. Bí o bá ti kọ wọ́n tán, fi wọ́n wé ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Nígbà míì, wàá rí i pé kò sí owó tí wọ́n lè fi polówó iṣẹ́ kankan títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ 8 sí ìgbà gbíngbìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn awakọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ abúlé tí gbogbo èèyàn ń bínú sí. Ohun tí wàá béèrè sì ti yí padà nìyẹn.

Ọmọ_Ebè kọ:

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti jáwọ́ nínú kókó àkọ́kọ́, ti ajílẹ̀ ni mo fẹ́ mú. Ní ti bọ́jẹ́ẹ̀tì, mo kà á pé ìlérí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní ìlú Malabo ní ọdún 2014, pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn yóò máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ni gbogbo alágbàwí ń tọ́ka sí. Ṣé kí n lò ó?

Òǹkà_Ìṣúná fèsì:

Tún un ṣe kí o tó kọ ọ́ síbì kan. Maputo ni wọ́n ti ṣe ìlérí ìdá 10 yẹn, ní oṣù Keje ọdún 2003. Ní Malabo, ní oṣù Kẹfà 2014, wọ́n tún un sọ, wọ́n sì fi kún un pé wọn yóò máa gbé ìṣirò ara wọn yẹ̀ wò ní ọdún méjì-méjì. Ìkéde tó tẹ̀ lé e ni ti Kampala, ní oṣù Kìíní 2025. Bí o bá gbé ọdún tí kò tọ̀nà lọ síwájú òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, kò ní fọkàn tán nọ́ńbà tó kù lọ́wọ́ rẹ.

Ìlò rẹ̀ náà ní ọ̀nà. Bí o kò bá sọ ohun tí o kà mọ́ "iṣẹ́ àgbẹ̀", ìdá rẹ kò nítumọ̀. Ṣé o ka ẹran ọ̀sìn, ẹja àti igbó mọ́ ọn? Ṣé ọ̀nà ìgbèríko wà nínú rẹ̀? Ẹni méjì lè mú bọ́jẹ́ẹ̀tì kan náà kí ìkan rí 3, kí èkejì rí 6, kí àwọn méjèèjì má sì purọ́. Kọ ohun tí o kà sábẹ́ tábìlì rẹ ní ìlà kan.

Ìkejì: iye tí wọ́n kọ, iye tí wọ́n tú sílẹ̀, àti iye tí wọ́n ná kì í ṣe ọ̀kan náà. Ká ní wọ́n kọ 120 mílíọ̀nù, wọ́n tú 70 sílẹ̀, wọ́n ná 55. Ohun tí wọ́n tú sílẹ̀ jẹ́ ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí wọ́n ná kò pé ìdá 46. Ẹni tó bá ń pariwo pé kí wọ́n sọ 120 di 150 ti ṣi ilẹ̀kùn kàn, nítorí kò sí nǹkan tó ń ṣe iye tí wọ́n kọ. Ìdí tí 50 kò fi jáde ni kó lọ wádìí, àti ìdí tí wọn kò fi rí 15 ná nínú èyí tó jáde. Ìyẹn máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé rírà ọjà tó pẹ́, èyí tó mú wa padà sí ọ̀sẹ̀ 27 tí Akọ̀wé kà.

Ìkẹta ni ọ̀wọ́n gógó. Bí owó iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn bá kúrò ní 80 lọ sí 92, wọ́n á kéde pé ó fi ìdá 15 lé. Bí ọjà bá fi ìdá 20 wọ́n sí i láàárín ọdún yẹn, pín 92 sí 1.20. Ohun tí o máa rí jẹ́ 76.7, èyí tí kò tó 80. Owó náà ti dínkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ sí i. Fi ìlà kan báyìí sínú gbogbo tábìlì rẹ, kí o sì kọ ibi tí o ti rí iye ọ̀wọ́n gógó náà.

Ọmọ_Ebè kọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ Maputo 2003 sílẹ̀.

Irúgbìn_Wa fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un, nítorí kì í ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọmọ náà máa bá pàdé. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì gbà ni tábìlì ìfiwéra. Mú àbá òfin tuntun, mú òfin tó wà nílẹ̀, kí o fa òpó márùn-ún: ohun tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tí àbá sọ, ohun tó yí, ẹni tó kàn, ìbéèrè tó ṣẹ́ kù. Àbá òfin tó ní abala 40 máa gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kún, wọn kì í ráyè ṣe é, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n máa fi ṣiṣẹ́.

Má bẹ̀rẹ̀ kíka láti ojú ewé kìíní títí dé òpin bí ìwé ìtàn. Kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá túmọ̀ "àgbẹ̀" sí "ẹni tó ní ìwé ilẹ̀", ẹni tó ń dá oko lórí ilẹ̀ tó yá ti jáde nínú ètò náà, ọ̀pọ̀ obìnrin náà sì ti jáde, kódà bí àwọn ojú ewé tó kù bá dára. Lẹ́yìn ìyẹn, wá gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ "gbọ́dọ̀" àti ibi tí wọ́n ti kọ "lè". "Mínísítà gbọ́dọ̀ dá àpò owó kan sílẹ̀" yàtọ̀ pátápátá sí "mínísítà lè dá a sílẹ̀". Lẹ́yìn náà, ibi tí owó ti máa wá. Ìkẹyìn, ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí òfin tó ń dúró de kí ẹnì kan kéde ọjọ́ lè wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìṣiṣẹ́.

Ní ti irúgbìn, mọ ìyàtọ̀ àwọn ìwé àgbáyé kí o má baà fi èyí tí kò de ẹnikẹ́ni halẹ̀ mọ́ ìjọba. Àdéhùn àgbáyé lórí àjogúnbá irúgbìn oúnjẹ, tí FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn lágbàáyé) gbà wọlé ní 2001 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, de orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i, abala kẹsàn-án rẹ̀ sì dá lórí ẹ̀tọ́ àgbẹ̀. Ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará ìgbèríko tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní oṣù Kejìlá 2018 jẹ́ ìkéde, kì í ṣe àdéhùn. Ìtọ́sọ́nà lórí ilẹ̀, ẹja àti igbó tí ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ààbò oúnjẹ fọwọ́ sí ní 2012 jẹ́ ti ìfẹ́ inú. Gbogbo wọn wúlò. Ṣùgbọ́n "ẹ fọwọ́ sí i, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é" ni wàá sọ nípa ti àkọ́kọ́. Nípa àwọn méjì tó kù, "ẹ ti gbà pé ó dára, báwo lẹ ṣe máa ṣe é?" ni wàá béèrè.

Aṣọ́nà_Òfin fèsì:

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà ṣàlàyé ohun kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń pò pọ̀. Òfin àgbẹ̀ wọn ti 2018 ní apá 12, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tí wọ́n ṣírò sí i ló sì wà fún oúnjẹ àwọn tí kò rí jẹ, kì í ṣe fún àgbẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ, ti òfin, ti ìlera, gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n lè gbà wọlé. Síbẹ̀, òfin náà lè dá ètò kan sílẹ̀ kí ó má sì sí kọ́bọ̀ fún un, nítorí ìgbìmọ̀ mìíràn ló ń pín owó fún ọ̀pọ̀ ètò lọ́dọọdún. Àwọn tó bá ti yọ̀ pé "wọ́n ti gbà á wọlé" máa ń lọ sùn ní àkókò tí iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn mìíràn wà tí kò gba kí o mọ ẹnikẹ́ni: èsì sí ìlànà tí iléeṣẹ́ ìjọba fẹ́ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, láti 1946 ni òfin ti sọ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba gbé ìlànà síta kí ará ìlú fèsì sí i kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, 30 sí 60 ọjọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀sẹ̀ 4 ni fún ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ọ̀sẹ̀ 12 sì ni fún ìjíròrò ìtagbangba ńlá. Orílẹ̀-èdè míì ní tiwọn. Lọ wá iye ọjọ́ tí tìrẹ ń fi sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni lẹ́tà tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe àdàkọ rẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ máa fún gbogbo wọn, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Èsì ojú ewé méjì tó tọ́ka sí nọ́ńbà ìlà, tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lóko bí ìlà náà bá dúró bẹ́ẹ̀, tó mú nọ́ńbà wá, tó sì kọ gbólóhùn tuntun tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n máa ní láti dáhùn. Kọ gbólóhùn rírọ́pò náà fún wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣe" kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan tó lè dà kọ.

Bákan náà ni Codex, ètò ìlànà oúnjẹ àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ìpele 8 ni ìwé kan máa ń gbà kọjá, orílẹ̀-èdè sì ń fi èsì ránṣẹ́ láàárín wọn. Orílẹ̀-èdè tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń gba ìwé Codex. Níbẹ̀, ẹni tó lè kó èsì láti ẹnu àwọn onímọ̀ jọ sínú tábìlì kan kí ọjọ́ tó pé ṣọ̀wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ló sì mọ̀ pé irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ wà.

Ọmọ_Ebè kọ:

Ẹ̀rù ìpàdé ló ń bà mí jù. Bí aṣòfin bá gbà láti rí wa, kí la máa ṣe?

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀ fèsì:

Òṣìṣẹ́ aṣòfin ni ẹ máa rí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ má ro ìyẹn sí àbùkù. Òun ló ń kọ ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ ń kà.

Ẹ ka ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì múra bí ẹni pé 7 ni. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó: ọ̀kan á kí wọn, á sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́, ọ̀kan á gbé ẹ̀rí kalẹ̀, àgbẹ̀ kan, bó bá ṣeé ṣe, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko rẹ̀, ẹni tó kù kò ní sọ̀rọ̀, yóò máa kọ. Ẹni tó ń kọ yìí ni mo ka sí jù. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè tí wọ́n bi yín, ìlérí tí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, àti ohun tí ẹ ní ẹ máa fi ránṣẹ́. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, lẹ́tà ìdúpẹ́ ti gbọ́dọ̀ dé pẹ̀lú ìwé tí ẹ ṣèlérí.

Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ máa mú un wá láàárín ọjọ́ méjì, kí ẹ sì mú un wá. Ẹ má fi ìméfò dáhùn. Bí wọ́n bá bi yín pé "èló ló máa ná ìjọba?" tí ẹ kò ní ìdáhùn rárá, ìpàdé ti parí nìyẹn. Torí náà, ẹ ṣe ìṣirò náà kí ẹ tó lọ, kódà kó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè.

Ìwé tí ẹ máa fi sílẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ 400 sí 500. Ohun tí ẹ ń béèrè ni kó wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbólóhùn mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta tó ní ọdún àti ibi tó ti wá, iye tó máa ná àti ibi tí owó náà lè ti wá, àríyànjiyàn tó lágbára jù lòdì sí yín àti èsì yín, àdírẹ́sì. Ẹ má fi "iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ilẹ̀ wa" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń kà á ti gbọ́ ọ títí, ó sì ti gba ìlà mẹ́ta nínú ojú ewé kan tí ẹ ní.

Tó bá jẹ́ ìjókòó ìtagbangba ni, wọ́n lè fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sábà ń fún ẹlẹ́rìí ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Bí èèyàn bá ń ka ọ̀rọ̀ 120 sí 130 ní ìṣẹ́jú kan, 600 sí 650 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé tó gùn lè bá a lọ lọ́tọ̀.

Aṣọ́nà_Òfin fèsì:

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí o tó lọ sí ìpàdé kankan, mọ ẹni tí ò ń ṣojú fún, kí o sì sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Bí iléeṣẹ́ tó ń ta ajílẹ̀ bá san owó ọkọ̀ yín, ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín. Ṣé wọ́n ní kí o má gbowó ni? Rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fúnra wọn rí i, ẹ̀rí àwọn 30 àgbẹ̀ yẹn máa di ìpolówó ọjà lójú wọn, ẹ̀tanú yẹn kò sì ní tètè kúrò lára ẹgbẹ́ yín.

Ọ̀pọ̀ ìlú ní òfin lórí ẹni tó ń bá aṣòfin sọ̀rọ̀ fún owó. Yúróòpù ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún wọn, Amẹ́ríkà ní òfin ìfihàn ti 1995. Ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n yọ owó orí kúrò fún ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ polongo fún olùdíje kankan, ààlà sì wà fún bí wọ́n ṣe lè rọ aṣòfin tó. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ni o ti ń kọ́ṣẹ́, o kò lè tún wà nínú ẹgbẹ́ tó ń rọ iléeṣẹ́ kan náà lórí kókó kan náà. Mú ìkan. Ìwé tí o rí lórí tábìlì níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ.

Òǹkà_Ìṣúná fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Bí ìbéèrè yín bá kan owó ìrànwọ́ fún ọjà tó ń lọ sókè òkun, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé gbà láyè. Ní Nairobi, ní oṣù Kejìlá 2015, wọ́n fẹnu kò láti fòpin sí irú owó bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìṣòwò máa dá yín dúró níbẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tó kọlù yín.

Irúgbìn_Wa fèsì:

Lẹ́tà tí o máa fi wá àyè ńkọ́? Ọ̀rọ̀ 150 tó. Kọ kókó rẹ, ọ̀sẹ̀ tí o wà ní àrọ́wọ́tó, àti iṣẹ́ kan tí o máa fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà tí o bá ń lọ: tábìlì ìfiwéra, ìṣirò bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún mẹ́ta, tàbí àkópọ̀ èsì. "Mo fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ yín" gbé iṣẹ́ lé wọn lórí. Fi ojú ewé kan tí o ti ṣe mọ́ ọn. Bó bá sì tó àkókò láti kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ, má kọ "mo kópa nínú àgbàwí". Kọ ìwé tí o kọ, ẹni tí o kọ ọ́ sí, àti ohun tó yí lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó yí, dúró síbi ìwé.

Ọmọ_Ebè kọ:

Mo ti gbìyànjú láti kọ ohun tí a máa béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó:

"A ń fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn fi í sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì pé ìpolówó fún ríra ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 27 ṣáájú ọ̀sẹ̀ gbíngbìn, kí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn sì máa gbé ọjọ́ tí àpò dé ilé ìkẹ́rùsí kọ̀ọ̀kan síta fún ará ìlú."

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀ fèsì:

O ti ṣiṣẹ́. Ìbéèrè méjì ló wà nínú gbólóhùn kan yẹn, yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní gba kí ìgbìmọ̀ yí ọjọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Èkejì kò ná ju iṣẹ́ akọ̀wé kan lọ, nítorí ọjọ́ yẹn ti wà nínú ìwé ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ èkíní, má jẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn kan náà kọ èkejì.

Yọ "27" kúrò títí wàá fi rí ìwé àdéhùn ọdún tó kọjá, nítorí tèmi ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe tiyín. Kí o sì sọ irú irè oko tí "ọ̀sẹ̀ gbíngbìn" jẹ́ tirẹ̀ àti agbègbè tó wà, torí òjò kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà níbi gbogbo. Bí o bá ti rí ọjọ́ náà, gbé e wá síbí ká jọ kà á.